Aago Wening Lára Ògiri Mọ́sálásí

Wening wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo kọ́kọ́ po tíì fún un. Ṣíbí ṣúgà mẹ́ta ni mo dà sí i, nítorí ọmọ náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, mo sì gbà pé tíì tó dùn dáadáa lè tún un ṣe. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó tẹrí ba, ó ní, “Nggih, Budhe, ẹ ṣeun.” Nggih ni “bẹ́ẹ̀ ni” tí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ fi ń dá àgbà lóhùn níhìn-ín, Budhe sì ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè mí nítorí mo ju àwọn ìyá wọn lọ. Ó mu ún tán délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tó bá wọ ilé mi, ṣíbí mẹ́ta.

Ó tó ọdún mẹ́fà kí ìyá rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan nídìí kànga, ó ní, “Wening mà kórìíra ṣúgà. Nílé wa, kì í fẹnu kàn án.”

Mo bi í pé kí ló wá dé tí ọmọ náà kò sọ fún mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ta ló máa sọ ọ́ fún ẹ̀yin?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà mo pinnu pé n óò máa da ṣúgà náà lọ, títí ọmọ náà á fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí.

Bẹ́ẹ̀ ni Wening ṣe rí. Ojú rẹ̀ á sọ nǹkan kan fún ọ, inú rẹ̀ á di òmíràn mú. N kò pè é ní òpùrọ́. Bí a ṣe ń tọ́ ọmọ ní abúlé wa, Karangjati, nìyẹn: o ò gbọdọ̀ sọ fún àgbà pé ó ṣàṣìṣe. O máa dúró kí ó fúnra rẹ̀ rí i, bó bá sì kú kó tó rí i, o ti ṣe tìrẹ. Nínú ọmọ mẹ́ta tí Ọlọ́run fún mi, ọ̀kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó lọ fẹ́ ará Medan, ìlú tí wọn kì í rọra sọ̀rọ̀. Ní báyìí, ó ń pariwo lórí fóònù ju ọkọ rẹ̀ lọ.

Pak Tukiman, bàbá Wening (Pak la fi ń pe ọkùnrin tó bá ti tó bàbá), wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọgbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ̀ ń hun aṣọ nínú yàrá iwájú ilé wọn, mo sì máa ń gbọ́ dídún òfì rẹ̀ láti ilé ìdáná mi, nítorí ọgbà òdòdó kan àti adágún ẹja mi nìkan ló wà láàárín wa. Ọmọ wọn mọ ìṣirò. Ó lọ sí Jakarta, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ó sì ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́fà nínú ilé alájà gíga kan tí ó ní ẹnikẹ́ni kì í bi ẹnìkejì rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Ìyá rẹ̀ kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, àìsàn rọ bàbá rẹ̀ lápá òsì àti lẹ́sẹ̀ òsì. Wening dé pẹ̀lú báàgì kan àti kọ̀ǹpútà kan, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun fẹ́ lò. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti wọ ọdún kẹta.

Ó gbé òfì ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé tábìlì sí àyè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aago mọ́sálásí. Irú aago tó máa ń wà lókè ibi tí lèmọ́mù ń dúró sí ni mò ń wí, tó ní nọ́ńbà pupa, tó ń fi àsìkò ìrun márààrún hàn. Bí ládàánì bá ti pe ìrun tán, aago náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú padà sẹ́yìn. Bó bá ti kan òdo, lèmọ́mù á dìde, ìrun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìlú ńlá ni gbogbo mọ́sálásí ti ń rà á, bí wọ́n bá sì fẹ́ yí nǹkan kan padà lára rẹ̀, àfi kí ẹnì kan gun àkàbà. Wening ní òun máa ṣe èyí tí a lè máa fi fóònù yí padà láti orí ẹní ìrun.

Pak Haji Maskuri gbà kí ó gbé e kọ́. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ni olórí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa, òun náà ló sì ń ṣe lèmọ́mù. Ó ní kí a dán aago náà wò ní oṣù Ruwah, oṣù tí a ń tún sàréè àwọn òbí wa ṣe tí a sì ń yan apem, àkàrà ìyẹ̀fun ìrẹsì, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Bó bá di Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù náà, a ó pinnu. Bó bá dára, ó dúró. Abúlé méjì tó wà lódìkejì odò sì ní ohun tí Karangjati bá ṣe làwọn náà máa ṣe.

Ohun tó so mọ́ ọn, èmi nìkan ni Wening sọ fún, bó ṣe ń ro tíì rẹ̀.

“Jakarta tún pè mí, Budhe. Wọ́n fi àga mi pamọ́ títí ààwẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ aago yẹn kalẹ̀, màá padà.”

“Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Màá mú wọn dání.”

“Bàbá tó ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé mọ́sálásí ni wàá gbé lọ sí ilé alájà mẹ́sàn-án?”

“Nggih, Budhe.”

Mo wo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó mu tíì náà tán.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà yí ìṣẹ́jú tó wà lára aago náà padà. Pak Haji ní in lórí fóònù rẹ̀. Èmi náà ní in lórí tèmi, nítorí èmi ni olórí àwọn obìnrin, a sì nílò láti mọ iye àkókò tó kù kí a tó wọ aṣọ ìrun funfun wa lé aṣọ tó wà lọ́rùn wa. Ẹ̀kẹta ni rìmóòtù kékeré kan bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tí Wening fún Mbah Dulrasid, ládàánì wa, nítorí bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kì í lo fóònù. Mbah ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ipò bàbá àgbà.

Pak Haji fi ìṣẹ́jú sí méje. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé bíríkì tó wà lójú ọ̀nà máa ń sáré wá kírun Mọ̀gàríbì, ogún ìṣẹ́jú péré ni ọ̀gá wọn sì ń fún wọn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Lọ́jọ́ kan, méje. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́jọ́ kẹta, a á bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a á jókòó, a á máa fi tẹ̀sùbáà wa ṣe jẹ́jẹ́, kí a tó mọ̀, nọ́ńbà á ti já láti mọ́kànlá sí mẹ́ta, àwa obìnrin á máa sáré kiri, ẹlòmíràn á ti ki orí bọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ gbà. Ìgbà kan wà tí Pak Haji dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú méje bó ṣe wà lójú fóònù rẹ̀, ìjọ ń wò ó, ògiri sì ń sọ pé ó ku mẹ́jọ. Ó dúró díẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ló ṣe dìde, ó sì tún jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lè máa rò pé ẹnì kan máa béèrè pé kí ló dé. A ò béèrè. Bí o bá béèrè, ó dà bíi pé o ń sọ fún Pak Haji pé kò mọ fóònù lò, tàbí pé o ń sọ fún Mbah pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. A kàn ń kírun, a ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wa, a ń lọ sílé lọ sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a pinnu, mo gbọ́ pé Pak Haji ti ní kí wọ́n wo iye tí aago ìlú ńlá ń lọ báyìí. Mo wọ sálúbàtà mi, mo lọ mú Wening lọ́wọ́.

Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn ìrun Àlààsárì, kò sí ẹlòmíràn nínú mọ́sálásí. Wening gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀. Nọ́ńbà ara ògiri jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

“Budhe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fóònù yín.”

Mo ṣí i. Ojú ìwé aago náà jáde, bọ́tìnì róbótó tí à ń fi ìka fà lọ fà bọ̀ wà lórí méje. Mo gbé ojú sókè, ògiri ti di méje.

Wening náà rí i. Ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ògiri padà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. “Ẹ tì í. Ẹ tún un ṣí.”

Mo tún un ṣí. Méje.

“Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o,” ni mo sọ.

“Mo mọ̀, Budhe.”

“Mo kàn ṣí i ni.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń ṣí i lójúmọ́?”

Mo kà á. Kí n tó ṣe àlùwàlá, lẹ́yìn àlùwàlá, àti ìgbà tí mo bá jókòó tán, kí n lè mọ̀ bóyá mo lè bá aládùúgbò mi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìrun márùn-ún. “Àsítágàfírúlàhì,” ni mo wí. Èmi tí mo ń fi iwájú orí kanlẹ̀ bẹ Ọlọ́run kí aago yẹn dúró, èmi gan-an ni mo ń pa á.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní inú aago tó wà lára ògiri ni nọ́ńbà gidi wà. Ètò tí òun kọ ló ń di nọ́ńbà yẹn mú, òun sì sọ ohun tó ń dì í mú náà ní Sùúrù, nítorí iye tí a fi ń dúró ni. Bọ́tìnì ojú fóònù, àwòrán Sùúrù lásán ni, ṣùgbọ́n ó ní ìrántí tirẹ̀, ohun tó rí nígbà tó kẹ́yìn ló ń rántí. “Tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ìwé yẹn, ètò mi á gbé bọ́tìnì lọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn orí méje. Bọ́tìnì á rò pé ìka èèyàn ló fa òun. Á sáré lọ sọ fún ògiri pé, wọ́n ti yí mi padà, ìwọ náà di méje.”

“Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fà á?”

“Kò sẹ́nikẹ́ni, Budhe.”

“Ó jọ ìyá ọkọ mi. Tó o bá ti kí i báyìí, ó ti gbọ́ pé ò ń bínú.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wá bi í léèrè ìdajì tó kù. “Ta ló wá ń fi í sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?”

Ó ń wo ẹní. “Mi ò mọ̀.”

“Rìmóòtù kan ṣoṣo ló wà.”

“Nggih.”

“Ọwọ́ Mbah Dulrasid ló wà.”

“Nggih.”

“Ṣó o ti bi wọ́n?”

Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní òun ti tún díẹ̀ ṣe. Ó ti kọ́ ògiri láti máa sọ fún àwọn fóònù bí nọ́ńbà bá yí padà, kí bọ́tìnì wọn lè bá a lọ. Ohun tó gbàgbé, nítorí ó ń kánjú, ni ìwà bọ́tìnì tó jọ ìyá ọkọ mi yẹn. Nígbà tí Mbah pe Mọ̀gàríbì tán, ògiri di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sọ fún fóònù mi àti ti Pak Haji. Fóònù mi di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bọ́tìnì ti Pak Haji ṣì wà lórí méje, kí ó tó gbéra, ó ti sọ méje fún ògiri. Ògiri di méje, ó sọ fún mi. Bọ́tìnì mi rìn, ó rò pé ìka ni, ó dá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà. Méje, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méje, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń ṣẹ́jú lókè orí gbogbo wa bí ẹni tí ata ta sójú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé bíríkì ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Pak Haji yí ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Nígbà tí a ṣe àdúà tán, ó pe Wening síta, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. “Ọmọ mi, o ti gbìyànjú. Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, a máa rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe ìbínú.”

“Nggih, Pak Haji.”

Mo bá a délé. N kò jókòó.

“Nggih kí ni? Kí lo gbà?”

“Budhe, aago náà bà jẹ́.”

“Ṣé kò ṣe é tún ṣe ni?”

“Ó ṣe é tún ṣe. Kò ní gbà mí ju wákàtí méjì lọ.” Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le: ibì kan ṣoṣo ni kí nọ́ńbà wà, ìyẹn ògiri. Kí fóònù àti rìmóòtù má ní ìrántí tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, kí ó tọrọ lọ́wọ́ ògiri, ògiri á yí i padà, á sì sọ fún gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí bọ́tìnì sì kọ́ láti dá ìka èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí ètò fúnra rẹ̀ gbé e.

Mo ní ohun tí àwa obìnrin ń ṣe pẹ̀lú oúnjẹ ìṣínu nìyẹn. Nígbà kan, oníkálukú ń kọ ọjọ́ tó máa sè é sínú ìwé tirẹ̀. A rí ìkòkò mẹ́rin kolak, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi wàrà àgbọn sè, lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì omi àti dàbínù nìkan la fi ṣínu. Láti ìgbà tí a ti kan pátákó kan ṣoṣo mọ́ ẹnu ọ̀nà, bí o bá fẹ́ pààrọ̀ ọjọ́ rẹ, pátákó ni kí o lọ bá. Wening ní iṣẹ́ tàwọn ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n ń pe ìyẹn. Mo ní tiwa náà ní orúkọ, pátákó là ń pè é.

“Kí ló wá dá ọ dúró?”

Ó jókòó sórí àga ìdí òfì ìyá rẹ̀. “Bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Budhe. Ògiri ń sọ fún gbogbo ojú, ó tún ń kọ ẹni tó yí i padà sí ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí i tó kọ ọ́ pé rìmóòtù. Mo mọ̀ pé Pak Haji máa ṣí fóònù wọn, wọ́n máa rí i pé Mbah ń yí nǹkan tí wọ́n fi sílẹ̀ padà. Ojú á ti Mbah. Mo bá ní kí ògiri dákẹ́, kí fóònù kálukú máa rántí tirẹ̀.”

Èmi náà wá jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí aago ń ṣe wá bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ ló fà á. Ó kọ ètò tó pé, ó sì fi ìwà ara rẹ̀ bà á jẹ́: kí ó máa gbọ́, kí ó má sọ.

“Lọ́la ni wọ́n máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀,” ni mo sọ. “Ìwọ lo máa sọ fún Mbah, kì í ṣe èmi. Màá tẹ̀ lé ọ lọ. Màá gbé apem dání.”

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Mbah Dulrasid ń gbálẹ̀ àgbàlá mọ́sálásí. Wening kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Mbah, mo fẹ́ sọ nǹkan kan.”

“Sọ ọ́.”

“Ẹ gbá ilẹ̀ yìí mọ́ gan-an.”

“Ohun tó o ti ilé wá sọ nìyẹn?”

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Mbah, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń fi rìmóòtù fi ìṣẹ́jú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Ìgbálẹ̀ dúró. “Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ kẹrin.”

“Abẹ́ aṣọ ni mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́,” ni bàbá náà sọ. Ó jọ pé ìyẹn ló dùn ún jù. “O mọ̀, o sì ń wò mí níran.”

“Ẹ dárí jì mí, Mbah.”

Èmi ni mo béèrè ìdí rẹ̀, nítorí ó hàn pé ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mbah na ìgbálẹ̀ sí ojú ọ̀nà ilé wọn.

“Tí mo bá pe ìrun tán, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Á sinmi nídìí igi máńgòrò, á tún sinmi níwájú ilé tìrẹ yìí. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méje, a ti kí rákà méjì kó tó bọ́ sálúbàtà. Èmi ni mo kọ́ Tukiman ní ìrun nígbà tí kò tíì ga tó ìgbálẹ̀ yìí. Mi ò lè máa wò ó kó máa sáré pẹ̀lú ọ̀pá.”

Wening fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. “Mbah, tí mo bá tún un ṣe, gbogbo èèyàn á máa rí i tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.”

“Maskuri náà?”

“Pak Haji náà.”

“Tí òun náà bá fọwọ́ kàn án, ṣé màá rí tiẹ̀?”

“Ẹ máa rí i lára ògiri lójú ẹsẹ̀.”

“Ṣé ó ń fọwọ́ kàn án ni?”

“Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ń dá a padà sí méje.”

Mbah nà tọ̀ọ̀. “Ó ń fọwọ́ kàn án. Ó wá ń bọ̀ mí lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín lẹ́yìn ìrun.” Ó gba apem kan nínú àwo mi, ó bù ú jẹ. “Lọ tún un ṣe.”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ọkùnrin jókòó. Àwa obìnrin ká kọ́tìnì wa sókè. Wọ́n ti gbé àkàbà ti ògiri. Pak Tukiman wà nídìí ilẹ̀kùn, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wening dìde láàárín wa.

“Pak Haji, ẹ gbà mí láàyè. Kí wọ́n tó gùn ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fóònù yín.”

Pak Haji ṣí i. Ògiri wà ní méje, fóònù rẹ̀ wà ní méje. Mbah Dulrasid fa rìmóòtù yọ lábẹ́ aṣọ, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ògiri di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fóònù wà lọ́wọ́ tèmi náà, mo rí bọ́tìnì náà tó rìn fúnra rẹ̀ lọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dúró síbẹ̀. Kò jó padà.

“Ó ń rìn,” ni Pak Haji sọ. “Ta ló ń fà á?”

“Ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Pak Haji. Ẹ kà á.”

Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó kà á sókè: “Rìmóòtù.” Ó yíjú sí Mbah.

“Èmi ni,” ni Mbah sọ. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń ṣe é.”

Pak Haji gbójú padà sí fóònù rẹ̀. Ó fi ìka fa bọ́tìnì padà sí méje, ògiri sì di méje. Mbah tẹ̀ ẹ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pak Haji fà á, méje. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé bíríkì lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó dé iwájú, nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Pak Haji, òun náà bọ́ awò ojú rẹ̀ ó sì nu ún.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń rò pé fóònù mi ló ya wèrè,” ni ó sọ. “Mbah, kí lẹ fẹ́ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe?”

Mbah wo Pak Tukiman, ó sì pa ẹnu mọ́. Kò lè sọ ọ́ lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

“Nítorí bàbá mi ni,” ni Wening sọ. Ó sọ ọ́ ketekete. “Wọn kì í tètè rìn dé. Mbah ń dúró dè wọ́n.”

Pak Tukiman gbé orí sókè nídìí ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. “Nítorí èmi? Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ń pẹ́. Mo rí i pé àkókò pọ̀, mo wá ń dúró wo ẹja nínú adágún Budhe.”

Ìgbà yẹn la rẹ́rìn-ín débi tí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà fi dúró.

Pak Haji ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ṣeé ṣe, ogún ìṣẹ́jú péré ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé bíríkì ní, ṣùgbọ́n òun ní alùpùpù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo. Láti ọjọ́ náà, òun ni yóò máa lọ gbé Tukiman bí ìrun bá ti kù díẹ̀. Ó wo Mbah, ó ní, “Ṣé mẹ́jọ tẹ́ yín lọ́rùn?” Mbah ní kí ó fà á kí òun rí i. Ó fà á. Ògiri di mẹ́jọ, fóònù mi di mẹ́jọ, orúkọ Pak Haji sì jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Mbah gbé rìmóòtù sílẹ̀ sórí ẹní. Pak Haji bi Wening bóyá ó lè ṣe é kí nọ́ńbà náà tóbi díẹ̀ sí i fún ojú àwọn àgbà. Ó ní òun lè ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí aago dúró. Ẹnì kan kàn gbé àkàbà padà sí ilé ẹ̀yìn.

Àwọn abúlé méjì òdìkejì odò ti gba tiwọn. Wening pe Jakarta, ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní àga náà. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń rí Pak Haji tó ń kọjá níwájú ilé mi, Pak Tukiman wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú láti abẹ́ apá Pak Haji bí ìbọn, àwọn adìyẹ mi sì ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti yà kúrò lọ́nà kó tó dé. Kì í wo ẹja mọ́. Ó ní Pak Haji ń sáré jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la rẹ̀, Wening wá kí mi kí a dárí ji ara wa bí a ṣe máa ń ṣe. Mo po tíì. Ṣíbí mẹ́ta. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

“Budhe.”

“Kí ni?”

“Mi ò fẹ́ ṣúgà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti kékeré.”

Mo ranjú bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo po òmíràn fún un, tó korò bó ṣe fẹ́, ó sì mu ún pẹ̀lú ìdùnnú tí n kò tíì rí lójú rẹ̀ nítorí tíì rí. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó ti ife àkọ́kọ́, nítorí a kì í da oúnjẹ nù, pàápàá lọ́jọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀. Mo mu ún. Ó dùn débi pé eyín dùn mí. Mi ò mọ bí ọmọ náà ṣe ń gbé e mì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.